Iná tí Elétí-Ehoro Pa

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pàdé Elétí-Ehoro, ó ní kí n pa ẹnu mi dé. Kò fi ìbínú sọ ọ́ o. Mo ń rò fún un bí ọkọ̀ mi ṣe ń ṣe, bó ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ bó bá ń gun òkè, àfi bó ṣe gbé ọwọ́ sókè tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí òun náà ráyè sọ̀rọ̀." Ó fi ẹnu sukudiráfà gígùn kan ti ara ẹ́ńjìnnì, ó fi ìdí rẹ̀ lé etí, ó sì di ojú. Èmi dúró wọ̀ọ̀ bí ọmọ iléèwé. Nígbà tó lajú, ó sọ ibi tí àìsàn ọkọ̀ wà, ibẹ̀ náà ló sì wà.

Nígbà tí mo tún padà lọ lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, sukudiráfà náà ti wà lórí ìṣó lára ògiri, eruku ti bò ó. Ìyàwó rẹ̀ ló jáde wá bá mi pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan lọ́wọ́. Mo fi ṣe ẹ̀fẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo ní, "Ọ̀gá, etí dà?" Ó wo ilẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, àwọn méjèèjì ló jọ sọ ọ́ fún mi lórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù wọn. Ibi tí ọkọ bá fẹ́ fò, ìyàwó a rọra dá a padà síbẹ̀.

Elétí-Ehoro kì í ṣe orúkọ àbísọ. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fún un, lọ́jọ́ tó gbọ́ ìró nọ́ọ̀tì tó tú lára ọkọ̀ tó ń kọjá lójú títì, tó sì sá tẹ̀lé ọkọ̀ náà títí awakọ̀ fi dúró. Orúkọ náà mọ́ ọn lára bí òróró ẹ́ńjìnnì ṣe mọ́ ọn léèékánná. Nígbà tí òun náà di ọ̀gá, ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó sì ní kí ayàwòrán ya etí gígùn méjì lé e lórí. Ó wá ní ìlànà kan tí kì í yẹ̀. Òun á kọ́kọ́ fetí sí ọkọ̀, òun á sọ ohun tó ń ṣe é lójú gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan sípánà. Ohun tó bá sì ti sọ, ó ti sọ ọ́ nìyẹn. "Ẹyin lohùn," ni yóò máa wí, "bó bá balẹ̀ a fọ́. Tèmi kì í balẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ rí nílé ìtajà ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ tó ń bá kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Iná ìkìlọ̀ kì í déédéé tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ á ti rí nǹkan tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, á sì ti fi àmì kan pamọ́ fún un, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ń pè ní kóòdù. Wọ́n á ki okùn ẹ̀rọ bọ ihò kan lábẹ́ sítíárì, kóòdù á sì jáde. Ẹ̀rọ kan náà ló tún lè pa kóòdù rẹ́ kí iná sì kú, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ rí. Elétí-Ehoro gbà kí ìyàwó òun máa lò ó fún àwọn oníbàárà tó bá béèrè, ṣùgbọ́n "wòlíì oníbátìrì" ló ń pè é.

Baba Atẹ́gùn, fokanáísà tó ń fẹ́ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. "Màdáámù," ni yóò pariwo láti ìsọ̀ tirẹ̀, "ṣé wòlíì yín ti jẹun láàárọ̀ yìí, àbí ààwẹ̀ ló ń gbà?"

"Ó ti jẹ iná yó," ni obìnrin náà á dá a lóhùn. "Ó ní táyà tó wà níwájú yín yẹn ṣì ń jò."

Bàbá obìnrin yìí fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ ló fi pín lẹ́tà títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì tán ló tó ra ọkọ̀ àkọ́kọ́, àlòkù tó ti dàgbà, tó ti gba ọwọ́ ẹlòmíràn dé ọwọ́ rẹ̀. Bó ṣe ń nù ún láàárọ̀ ló ń nù ún nírọ̀lẹ́. Kò rà á fún fáàrí rárá. Ojú ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣú. Ìyá náà, tó jẹ́ pé òun ló rán gbogbo aṣọ tí àwọn ọmọ rẹ̀ wọ̀ dàgbà, kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ kan, òwú lọ́wọ́ kejì, pé kí ẹni tó bá ń kọjá bá òun ki òwú bọ̀ ọ́. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ ojú jìnnà, dókítà tó sì ń ṣe é kì í gbé ibẹ̀. Ó máa ń wá ni, ó sì máa ń pẹ́ kó tó wá. Ọjọ́ tí wọ́n ti ń retí ti kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí iná pupa rúsúrúsú kan tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù bàbá.

Kò jẹ́ kó pẹ́ tó fi gbé e wá.

"Ọmọ mi, mi ò fẹ́ da iṣẹ́ rẹ rú," ni bàbá wí. "Iná kan ló tàn. Ọkọ̀ náà sì ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ sín tí kò rí i sín. Tí kì í bá ṣe ti ojú ìyá yín ni, ǹ bá ní kó dúró dìgbà tọ́wọ́ rẹ bá dilẹ̀."

"Bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jókòó. Ta ni mo fẹ́ tọ́jú ọkọ̀ rẹ̀ ṣáájú tiyín?"

Àna ni àna ń jẹ́. Ẹni tó fún ọ ní ọmọ, o kì í fẹ́ kó rí ẹ̀gbin lára rẹ. Elétí-Ehoro fẹ́ kí bàbá yìí rí òun bí òun ṣe rí gan-an lẹ́nu iṣẹ́, ó sì fẹ́ kí gbogbo àdúgbò bá a rí i. Ó ní kí wọ́n pa rédíò. Ó sọ pé kí Baba Atẹ́gùn dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró díẹ̀. Ó gbé sukudiráfà lé etí níwájú ọkọ̀, ó lọ sí ẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì epo, ó sì dìde.

"Páǹpù epo ni," ló wí. "Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ké bí ẹ̀fọn?"

Bàbá tẹ́ etí, ó gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ sì tàn yòò. Ó kọjú sí Baba Atẹ́gùn. "Kò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì o. Ṣẹ́ ẹ rí i? Ọmọ mi nìyẹn."

"Bàbá, ẹ ò fọmọ fún èèyàn," ni Baba Atẹ́gùn dáhùn. "Etí lẹ fọmọ fún."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Láàárín ẹ̀rín yẹn ni ìyàwó rẹ̀ ti wọ inú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀, nítorí ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ni, ó sì fẹ́ kí ọkàn òun balẹ̀. Nígbà tó jáde, kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣẹ́jú sí ọkọ rẹ̀, wọ́n jọ bọ́ sẹ́yìn òkìtì táyà.

"Ọ̀gá, kóòdù kan wà níbẹ̀."

"Ti páǹpù ni."

"Kì í ṣe ti páǹpù. Sẹ́ńsọ̀ ni, èyí tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí. Bí ìyẹn bá daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì ò ní mọ ìgbà tó yẹ kó tanná. Á kàn kú ni."

"Ṣé ó ti kú? Ṣé kì í ṣe òun ló ń ṣiṣẹ́ lójú rẹ yìí?"

"Torí pé ó tutù ni. Irú sẹ́ńsọ̀ yẹn, ìgbà tó bá gbóná ni àrùn rẹ̀ ń yọjú. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ títí á fi gbóná dáadáa, ká wò ó ná."

Elétí-Ehoro wo òkè táyà kọjá. Bàbá ṣì wà lẹ́nu ọ̀rọ̀, ó ń fi ẹnu ké bí ẹ̀fọn fún oníbàárà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó sì ń nawọ́ sí apá ibi tí àna rẹ̀ wà. Kí ló kù tí mẹkáníìkì máa ṣe? Kó jáde, kó ní, "Bàbá, ẹ fún mi láyè díẹ̀ sí i." Ọ̀rọ̀ tí kò tó ẹ̀kún ẹnu. Ṣùgbọ́n ó ti sọ̀rọ̀ ná, tirẹ̀ kì í sì í balẹ̀.

Ó gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó wọ inú ọkọ̀. Kò lò ó rí, ṣùgbọ́n ó ti wo ìyàwó rẹ̀ tó láti mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti pa kóòdù rẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà bi í bóyá ó dá a lójú. Ó tún tẹ̀ ẹ́ pé ó dá òun lójú. Iná ojú dáṣíbọ́ọ̀dù kú.

"Wòlíì rẹ ti gbàdúrà tán," ló wí fún ìyàwó rẹ̀. "Bá mi wá páǹpù tuntun."

Obìnrin náà wò ó, ó sì lọ wá páǹpù. Ibi tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyí: páǹpù yẹn gbó lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ tán, ẹ̀fọn ò ké mọ́, iná ò tàn, bàbá sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ pẹ̀lú ọwọ́ tó jù sókè láti ojú fèrèsé. Elétí-Ehoro náà juwọ́ padà. Ìyàwó rẹ̀ ti wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí dókítà ń retí wọn, orí afárá ni ọkọ̀ náà kú sí, láàárín àwọn ọkọ̀ akẹ́rù. Kò sín, kò húkọ́. Ó dákẹ́ lójijì bí ẹni tí wọ́n gba ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́nu. Bàbá pe ṣọ́ọ̀bù lórí fóònù, Elétí-Ehoro sì bẹ́ sẹ́yìn alùpùpù ẹnì kan.

Nígbà tó dé, àwọn tó ń kọjá ti bá bàbá ti ọkọ̀ kúrò lórí afárá. Ìyá wà lórí àga onígi níwájú ìsọ̀ atúnfóònùṣe kan. Ó wọ aṣọ tó ti lọ̀ sílẹ̀ de ọjọ́ náà. Àwọn tó fà á lọ́wọ́ jáde nínú ọkọ̀ ṣe é pẹ̀lú ìkánjú nítorí ariwo fèrè, òun kò sì rí etí gọ́tà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wọ inú ìdọ̀tí dé agbede ojúgun, omi sì ti gba bàtà lọ. Ó gbé bàtà kejì lé itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ẹni tí wọ́n fi nǹkan pamọ́ sí lọ́wọ́.

"Ta ló dé yẹn?" ló bi í.

"Èmi ni, Ìyá."

"Ọkọ ọmọ mi. O káre. Mo sọ fún bàbá yín pé tó o bá ti dé, ó ti tán."

Elétí-Ehoro yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì sì jí lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ó ti tutù. Ó fetí sí i. Ó dún dáadáa, kò sí ìró kankan tó yẹ kí ó máà sí níbẹ̀. Iná pupa rúsúrúsú náà sì ti tàn padà, ó ń wò ó lójú.

"Epo ni, àbí?" Bàbá ti wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀. "Epo tí mo rà lánàá ni. Obìnrin ilé epo yẹn ti bomi là á. Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má bínú. Iṣẹ́ tó o fara balẹ̀ ṣe, mo lọ fi epo burúkú bà á jẹ́."

Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló ń bẹ ẹni tó ṣẹ̀. Bí Elétí-Ehoro bá fẹ́ sọ òtítọ́, ibẹ̀ ni ì bá ti sọ ọ́. Ohun tó rí sọ ni, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká tètè máa lọ."

Ó rọra wa ọkọ̀ náà, ó ń bẹ ẹ́ nínú pé kó má gbóná. Wọ́n dé. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní wọ́n ti pe ìyá, wọ́n tún un pè, wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Dókítà ò ní padà wá láìpẹ́. Wọ́n á ránṣẹ́ sí wọn bó bá tún dé. Bó ṣe sọ ọ́ tán ló kọjá lọ. Ìyá mi orí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kò burú, ọmọ mi. Ẹ ṣeun." Ògiri ló ń sọ ọ́ fún. Elétí-Ehoro dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú bàtà ẹyọ kan lọ́wọ́, ó sì rí i.

Ó gbé ọkọ̀ náà padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀rọ náà ka iwájú rẹ̀ lórí tábìlì, ó sì jáde. Elétí-Ehoro ki okùn bọ ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Kóòdù tó pa rẹ́ lẹ́yìn òkìtì táyà náà ló jáde. Ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́, ó jókòó tì í. Bí ooru ẹ́ńjìnnì ṣe ń lọ sókè ló ń gbọ́ ìró tó dára, ìró tó dára, títí ọkọ̀ fi kú pii lójú rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ tó yọ jáde kò ju àtàǹpàkò lọ. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó dá ọkọ̀ padà fún bàbá. Ó ti múra ọ̀rọ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n bàbá ń kí i, ó ń ṣàdúrà fún un, ọ̀rọ̀ náà sì padà sínú.

Baba Atẹ́gùn ló mú ìyókù wá.

"Elétí," ló pè é láàárọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe ń yọ táyà kúrò lára irin rẹ̀, "kí lo fún bàbá àna rẹ mu? Ẹni jẹ́jẹ́ yẹn. Wọ́n ní ó lọ bá obìnrin ilé epo, ó bú u lójú èrò. Ó ní ó fi omi pa ojú ìyàwó òun. Wọ́n mà ti ní kí obìnrin náà máa lọ sílé títí wọ́n á fi yẹ táńkì wọn wò."

Elétí-Ehoro tẹrí mọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń tú. Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ọ̀gá" ló máa ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù, ilé nìkan ló ti ń pè é bí ìyá ọmọ ṣe ń pe ọkọ rẹ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ," ló wí. "Ṣé ẹ gbọ́ ìyẹn náà?"

Ẹni tó bá dákẹ́, wọ́n ní tara rẹ̀ ní ń bá a dákẹ́. Èyí tí òun dákẹ́ yìí, ti ẹlòmíràn ló ń bà jẹ́. Ó nu ọwọ́, ó wọ ẹ̀wù tó mọ́, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì lọ.

Ní pálọ̀ àwọn àna rẹ̀, kò gbà láti jókòó. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ tó fi rò ó: kóòdù tí ìyàwó rẹ̀ rí, ohun tó sọ fún un, bó ṣe tẹ̀ ẹ́, bí ẹ̀rọ ṣe bi í bóyá ó dá a lójú. Kò fi ti páǹpù gbèjà ara rẹ̀. Bàbá gbọ́ ọ tán.

"Ṣé o mọ̀ pé ó lè kú lọ́nà?" ló bi í.

"Ìyàwó mi sọ fún mi."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ohun tí ìyàwó rẹ sọ."

"Mo mọ̀, Bàbá. Torí pé ẹ ti ń fi mí yangàn ni. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rí i pé mo ṣì í."

Bàbá yí ojú sí fèrèsé. Ìyá ló sọ̀rọ̀, láti orí àga rẹ̀ níbi tó ti ń fi ọwọ́ wá bọ́tìnnì nínú agolo. "Ìwọ tí ojú rẹ ríran, o rí iná, o pa á. Èmi tí mi ò ríran, mò ń wá ẹni tó máa tan tèmi." Kò gbé ohùn sókè. Kò sì sọ nǹkan mìíràn lórí rẹ̀ mọ́ títí di òní.

Bàbá dìde. "Wọ bàtà rẹ," ló wí. "Èmi náà ní ẹni tí mo fẹ́ bẹ̀."

Àwọn méjèèjì jọ rìn lọ. Ọ̀gá ilé epo ránṣẹ́ sí obìnrin náà, ó sì dé. Bàbá bẹ̀ ẹ́ lójú àwọn tí wọ́n ń ra epo. Elétí-Ehoro dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní òun ni, kì í ṣe epo. Obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí.

"Ṣé ẹ ti wá yọ omi kúrò nínú epo mi báyìí?" ló bi bàbá. Ó wá wo Elétí-Ehoro láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ni ògiri tí wọ́n ya etí sí yẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya ẹnu náà sí i, bóyá ẹ̀ẹ́ tètè rí i lò nígbà mìíràn." Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Kò sì gbèjà rẹ̀. Ó rọra tún tẹ orí ba níwájú obìnrin náà, wọ́n sì padà sílé.

Ìgbà òjò bẹ̀rẹ̀, ó sì parí, kí ilé ìwòsàn tó tún ránṣẹ́. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, ìyá ti ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti kun etí orí ògiri ní funfun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá tẹ ojú mọ́ ọn á ṣì rí àpá wọn lábẹ́ ọ̀dà. Ìyàwó ló ń kọ́kọ́ yẹ ọkọ̀ wò, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kó gbóná kí ọkọ tó sọ ohunkóhun. Bàbá ṣì ń wá kí wọn, ó ń jẹun nílé wọn, ó ń bá àna rẹ̀ ṣeré. Ọkọ̀ rẹ̀ ṣì ń rìn dáadáa. Mẹkáníìkì kan ní òdìkejì ìlú ló ń tọ́jú rẹ̀.